Bí a ṣe ń yan snare tí kò ní bo ohùn gángan mọ́lẹ̀

Ní Òṣogbo, ó ṣọ̀wọ́n kí dírọ́ọ̀mù nìkan dá dún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, lábẹ́ kánópì níbi ìnáwó ní Òkè-Baálẹ̀ tàbí Ayétòrò, gángan á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àkúbà àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà sì lè wà níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ gángan ni etí àwọn èèyàn wà. Wọ́n ń gbọ́ ẹni tó ń kì, òwe tó ń pa, orin tó fẹ́ kí wọ́n gbè. Bí snare, ìlù inú dírọ́ọ̀mù tí wáyà wà lábẹ́ rẹ̀, bá ń dún gba orí ọ̀rọ̀ yẹn kọjá, ẹni tí wọ́n ń kì kò ní mọ̀ pé òun ni wọ́n ń kì, kò sì ní dìde.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún onílù tó bá bi mí pé ohùn gángan ni kí ó fi wá snare. Ọ̀pọ̀ ohun tí à ń kà nípa snare, àwọn tí kò bá gángan ṣeré rí ló kọ ọ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa irin àti igi, nípa awọ àti wáyà, a ó sì lò ó níhìn-ín. Àmọ́ Òṣogbo, ìlú tí wọ́n bí Sunny Adé sí ní 1946, tí Erin-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn ọmọ Àyàn, sì wà nítòsí rẹ̀, ní ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ snare tí ibòmíràn lè má béèrè.

Ẹ kọ́kọ́ fi ẹnu pe ohùn náà

Kí owó tó jáde, ẹ fi ẹnu pe ohùn tí ẹ ń wá, bí àwọn àgbà onílù ṣe ń fi ẹnu pe ìlù kí ọwọ́ tó kàn án. Ẹ pè é sókè kí àwọn tó ń bá yín ṣeré gbọ́.

Bí ohun tó jáde bá jẹ́ "pá!", tó gbẹ, tó kúrú, tí kò fi ìró kankan sílẹ̀ lẹ́yìn, snare tí ara rẹ̀ kì í ró púpọ̀ lẹ ń wá. Bí ó bá jẹ́ "tàn-ìn!", tó ga, tó ń ró lọ, irin tí ikùn rẹ̀ kò jìn ni. "Gbà!" tó wúwo fẹ́ ikùn jíjìn àti awọ tí a kò fà jù. "Ṣàà" sì wà, níbi tí wáyà ti ń dún ju awọ lọ. Ẹni tó bá ń fi brush, ọ̀pá oníwáyà tó dà bí ìgbálẹ̀, lu orin ìsìn jẹ́jẹ́ máa ń fẹ́ ẹ.

Nínú orin ìyìn tó yára, tí gángan ń dá tí ìjọ ń gbè, "pá" ni mo fara mọ́. Jùjú náà gba "pá", àmọ́ ó lè ga díẹ̀. Ẹni tó bá ń lu Afrobeat ní ohun mìíràn láti rò. Tony Allen, onílù Fela, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1940, kọ́ ayé pé snare lè máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ láàárín àwọn ìlù tó le. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé ọ̀nà yẹn, snare tí wáyà rẹ̀ ń dáhùn bí ọ̀pá bá kàn fọwọ́ kàn án lásán lẹ nílò, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ rí.

Snare tí àwọn ọmọ Boys' Brigade ń gbé kọ́rùn yàtọ̀ pátápátá. Ikùn rẹ̀ jìn, awọ rẹ̀ le gan-an, títì gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ má gbé e wọnú ṣọ́ọ̀ṣì wá fi ṣe snare dírọ́ọ̀mù.

Ẹ mọ ibi tí gángan yín ń gbé

Ìgbésẹ̀ yìí kò náni ní kọ́bọ̀, òun ni mo sì kà sí jù. Ẹ jókòó ti onígángan yín níbi tí kò sí ariwo. Kí ó kọ́kọ́ lù ú láìfún ọsán, okùn awọ tó wà lára rẹ̀, rárá. Lẹ́yìn náà kí ó máa fún un díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi dé òkè pátápátá. Kí oníkíbọ́ọ̀dù bá yín wá nóòtù ìsàlẹ̀ àti nóòtù òkè, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Àárín méjèèjì ni dò, re, mí gángan náà wà, ibẹ̀ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti ń jáde.

Bí ó bá jẹ́ gángan kékeré tàbí kànàngó, tí ohùn rẹ̀ ga, ẹ jẹ́ kí snare wà nísàlẹ̀ rẹ̀: kí ohùn rẹ̀ nípọn díẹ̀, kí ó sì gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ìyáàlù dùndún tí ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ ló ń bá yín ṣeré, ẹ gbé snare gòkè. Tí méjèèjì bá wà pọ̀, bí wọ́n ṣe máa ń wà níbi ìnáwó ńlá, kò sí òkè tàbí ìsàlẹ̀ tó ṣófo mọ́. Ohun tó kù ni kí snare kúrú. Snare tó dún "pá" á ti dákẹ́ kí ìró ọ̀rọ̀ kejì tó bọ́ lójú gángan, ṣùgbọ́n èyí tó ń ró "tàn-ìn" á ṣì wà níbẹ̀ títí ìró kẹta yóò fi kọjá.

Awọ ewúrẹ́ ló wà lójú gángan, ojú ọjọ́ sì ń bá a jà. Nígbà òjò ó ń rọ̀, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ó ń le, ohùn rẹ̀ á gòkè. Awọ oníke tó wà lójú snare kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Àwọn onílù òyìnbó pàápàá jìyà awọ ẹran fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí awọ oníke fi gbòde ní nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1950; 1957 ni Remo Belli dá ilé-iṣẹ́ Remo sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà snare tó bá gángan mu ní oṣù Keje lè máa bá a jà ní oṣù Kejìlá. Snare lẹ ó tún fà nígbà náà, ẹ má ní kí onígángan yí tirẹ̀ padà.

Ibi tí ẹ ti ń lù ú

Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa, ògiri kóńkéré ló ní, tàílì wà nílẹ̀, gíláàsì wà lójú fèrèsé. Gbogbo wọn ló ń dá ohùn padà. Ẹ dúró síbi tí dírọ́ọ̀mù máa ń wà nígbà tí gbọ̀ngàn bá ṣófo, ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹ tẹ́tí. Bí àtẹ́wọ́ náà bá ń ró lọ, gbọ̀ngàn yẹn á fi ìró tirẹ̀ kún ti snare, ẹ má sì ra èyí tó ń ró fúnra rẹ̀. Ara èèyàn àti aṣọ máa ń gba ohùn mọ́ra, torí náà gbọ̀ngàn tó kún á gbẹ ju bí ẹ ṣe gbọ́ ọ lọ, àmọ́ kóńkéré ṣì ni kóńkéré.

Ìta gbangba yàtọ̀. Lábẹ́ kánópì, tàbí ní Freedom Park nítòsí Old Garage, kò sí ògiri tí yóò dá nǹkan kan padà, jẹnẹrétọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó ń hó. Snare tó gbẹ jù á sọnù síbẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ pé òde ló ń jẹ lè ra irin láìbẹ̀rù.

Ìwọ̀n

Ojú snare tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ íǹṣì 14. Èyí tó jẹ́ 13 tàbí 12 wà, ohùn wọn máa ń ga, wọ́n sì dára fún ẹni tó ti ní snare kan tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ẹyọ kan, ẹ dúró lórí 14.

Jíjìn ikùn ló kù. Íǹṣì 3 sí 4 máa ń tètè dáhùn, ohùn rẹ̀ mú, kò sì ní ìsàlẹ̀. Íǹṣì 5 tàbí 5.5 wà láàárín, ó ń gbọ́ ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó sì lè pariwo. 6.5 ní ìsàlẹ̀ tó nípọn, ó sì lágbára. 8 wúwo, kò yá bí àwọn tó kù, èmi kò sì ní gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gángan nínú gbọ̀ngàn kékeré.

Igi tàbí irin

Ibí yìí ni àríyànjiyàn máa ń pọ̀ sí jù. Òótọ́ ni pé ara ìlù ń yí ohùn padà, ṣùgbọ́n awọ àti bí a ṣe fà á lágbára jù ú lọ. Snare olówó ńlá tí awọ rẹ̀ ti gbó, tí a fà ní wọ́gọwọ̀gọ, kò ní dún dáadáa tó snare owó kékeré tí onílù tó mọṣẹ́ tọ́jú.

Igi máa ń tètè pa ìró, ohùn rẹ̀ sì máa ń rọ̀ sí etí. Maple gba gbogbo rẹ̀ mọ́ra, ìsàlẹ̀, àárín àti òkè. Birch le díẹ̀ sí i, ó sì máa ń gé ohùn kúrú. Mahogany rẹlẹ̀, ó nípọn. Poplar wọ́pọ̀ nínú dírọ́ọ̀mù owó kékeré, ẹ má sì fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀: mo ti gbọ́ poplar tí wọ́n fà dáadáa ní ṣọ́ọ̀ṣì tó kún, kò sí ẹni tó bèèrè igi tí wọ́n fi ṣe é.

Nínú irin, sítíìlì ló mọ́lẹ̀ jù létí, ó ń ró, ó sì pọ̀ lọ́jà nítorí owó rẹ̀ kò wọ́n. Nínú gbọ̀ngàn kóńkéré, òun ló máa ń bá gángan jà jù. Àlùmíníọ́mù gbẹ jù ú lọ, ohùn rẹ̀ mọ́, kì í sì í wúwo lọ́wọ́. Idẹ, irin Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, ní ohùn tó kún: ó mọ́lẹ̀ lókè, ó sì tún ní ara nísàlẹ̀. Ó wọ́n, ó sì wúwo láti gbé. Bí mo bá ní owó fún snare irin kan ṣoṣo, idẹ ni n ó rà fún òde, àlùmíníọ́mù fún inú ilé.

Ẹ má fi dídán mọ irin. Àwọn snare igi kan wà tí wọ́n fi ike dídán wé lára tí ojú á fi rò pé irin ni; ẹ wo inú rẹ̀ láti ibi ihò afẹ́fẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ mú mágínẹ́ẹ̀tì kékeré dání, irú èyí tó máa ń wà nínú sípíkà tó ti bàjẹ́. Ó máa lẹ̀ mọ́ sítíìlì gírígírí. Kò ní lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ idẹ tàbí àlùmíníọ́mù. Àwọn méjì yìí, ìwọ̀n wọn lọ́wọ́ á yà wọ́n sọ́tọ̀. Supraphonic, snare tí ilé-iṣẹ́ Ludwig ti ń ṣe láti àwọn ọdún 1960, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní sítíìlì torí bó ṣe ń dán, àlùmíníọ́mù ló pọ̀ jù nínú wọn. Bí tòkúnbọ̀ rẹ̀ bá kan yín lọ́nà tí ara rẹ̀ ń ṣí pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́, ẹ má sá fún un nítorí ìyẹn. Ojú ni ó bàjẹ́, ohùn kọ́.

Awọ, níbi tí ohùn ti ń jáde gan-an

Fún òkè, awọ ẹlẹ́yọ kan tó ní ẹ̀fun lójú, tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 0.25 mm, ni n ó fi bẹ̀rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀fun yẹn ń dín ìró kù, ó sì jẹ́ kí brush rí ohun tó máa họ. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wúwo, tó máa ń lu awọ já, lè lo aláwẹ́ méjì. Ó gbẹ sí i, ó sì ń pẹ́, àmọ́ kì í gbọ́ ọwọ́ jẹ́jẹ́ dáadáa. Awọ ìsàlẹ̀ tinrín gan-an ni, nǹkan bí 0.08 mm, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú wáyà gbọ̀n. Ẹ má fi ọ̀pá kàn án láé, ẹ má sì gbà kí wọ́n ta awọ òkè fún yín pé kí ẹ fi sísàlẹ̀.

Bí a ṣe ń fà á nìyí. Ẹ tú gbogbo bóòtù tó di awọ mú, ẹ nu etí ara ìlù, ẹ gbé awọ lé e. Ẹ fi ìka lásán yí àwọn bóòtù títí wọn yóò fi dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlàjì yíyí. Ẹ má tò wọ́n bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra: láti ọ̀kan, ẹ bọ́ sí èyí tó dojú kọ ọ́ gan-an ní òdìkejì, kí awọ lè jókòó dọ́gba. Ẹ fi orí ọ̀pá kan ojú awọ ní nǹkan bí íǹṣì kan sí bóòtù kọ̀ọ̀kan. Ohùn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bára mu. Etí tó gbọ́ gángan yé kò ní ní ìṣòro pẹ̀lú èyí. Ẹ fa ìsàlẹ̀ le kí ẹ tó wá ohùn pẹ̀lú òkè, torí pé òkè lẹ ó máa yí sókè sódò láti bá gángan mu.

Tí ìró bá ṣì kù tí ẹ kò fẹ́, ẹ ká tíṣù kékeré, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí awọ níbi tí ọ̀pá kì í dé. Ìmọ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí wa. Ìda tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú òjò bàtá, tó tún wà lójú gúdúgúdú, irú iṣẹ́ yìí náà ló ń ṣe: ó ń kó ohùn jọ, ó ń pa ìró tí a kò pè. Díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ máa fi kún un. Tíṣù tó pọ̀ á sọ snare di páálí.

Wáyà àti rímù

Okùn wáyà 20 ló wọ́pọ̀, ó sì tó. 12 tàbí 16 á jẹ́ kí awọ gbọ́ra sí i, 42 á hó ju bó ṣe yẹ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gángan. Ẹ má dè é le débi tí á fi pa awọ lẹ́nu: ẹ tú u títí á fi máa rọ́ wọ́lọ́wọ́lọ́, kí ẹ wá máa dè é bọ̀ títí ohùn á fi mọ́, ẹ dúró níbẹ̀.

Rímù ni òrùka irin tó di awọ mú. Èyí tí wọ́n ká láti ara irin pẹlẹbẹ ń jẹ́ kí ìlù ró, ó sì fúyẹ́. Èyí tí wọ́n yọ́ irin rẹ̀ dà nípọn, ó ń gé ìró kúrú, "kọ́" rẹ̀ sì dùn nígbà tí ẹ bá dá ọ̀pá dùbúlẹ̀ lu etí. Fún orin ìjọsìn tó rọra ń lọ, níbi tí "kọ́" yẹn ti ń gbé orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, rímù yíyọ́ tó owó rẹ̀.

Lọ́dọ̀ olówò

Ẹ mú ọ̀pá tiyín lọ, kọ́kọ́rọ́, mágínẹ́ẹ̀tì, tíṣù díẹ̀, fóònù tó ní iná, àti onígángan yín pẹ̀lú gángan rẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yìí lè ya olówò lẹ́nu. Ẹ kí i dáadáa, ẹ ṣàlàyé fún un, ẹ sì tọrọ àyè láti fa awọ náà, torí ọ̀pọ̀ snare tó wà lórí àtẹ ni ẹnikẹ́ni kò tí ì fà rí.

Nígbà tí ohùn bá ti dúró, kí ẹlòmíràn lù ú, kí ẹ̀yin jìnnà sí i, kí ẹ bọ́ síta ìsọ̀ bí àyè bá wà. Ìró kan wà tó máa ń dá onílù láàmú lórí ìjókòó, tí kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà lọ́ọ̀ọ́kán. Ohùn tí ìjọ máa gbọ́ lẹ ń rà. Lẹ́yìn náà kí onígángan máa fi gángan sọ gbólóhùn kan tí ẹ̀yin méjèèjì mọ̀, kí snare máa lọ lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bá lè sọ ohun tí gángan wí, snare yẹn ti sún mọ́ ohun tí ẹ ń wá.

Fún tòkúnbọ̀, ẹ fi téèpù wọn ojú rẹ̀ láti òdì kan sí òdìkejì ní ibi bíi mẹ́rin. Bí ìwọ̀n bá yàtọ̀ gedegbe, ìlù náà ti wọ́. Bí olówò bá gbà kí ẹ tú awọ, ẹ da ara ìlù dé orí gíláàsì tàbí tàílì tó tẹ́jú, kí ẹ tan iná fóònù sínú rẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti yọ, etí ti jẹ níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, ẹ ó rí ibi méjì tó dojú kọra tó rọra wọnú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ kí wáyà lè jókòó ni. Ẹ yí gbogbo bóòtù wò. Ẹ tan wáyà kí ó kan awọ, kí ẹ pa á kí ó kúrò lára awọ, léraléra, torí ọwọ́ tó ń tàn án yẹn ló máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́, kì í sì í rọrùn láti rí irú rẹ̀ rà.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lù jù, tí gángan sì wà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀: ojú íǹṣì 14, ikùn íǹṣì 5.5, igi, maple tàbí birch bí owó bá gbà á, awọ ẹlẹ́yọ kan ẹlẹ́fun, wáyà 20. Èmi ò ní wá nǹkan mìíràn kọjá ìyẹn.

Ohun kan á ṣẹlẹ̀ nígbà ìfidánrawò àkọ́kọ́. Ẹ kò ní tí ì fọwọ́ kan snare tí wáyà rẹ̀ á ti máa hó nígbà tí gángan bá dé ohùn kan. Ohùn yẹn ló bá ti awọ snare mu. Kí onígángan rọra máa fún ọsán bọ̀ títí ẹ ó fi rí ibẹ̀ gan-an. Ẹ wá dẹ bóòtù mẹ́rin awọ ìsàlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wáyà, méjì níhà kọ̀ọ̀kan, ní ìdá mẹ́rin yíyí. Bí híhó náà bá ṣì kù, ẹ gbé awọ òkè sókè tàbí sílẹ̀ díẹ̀. Bí gángan bá ń dá nìkan kì tí snare kò ní iṣẹ́, ẹ pa wáyà rẹ̀, kí ẹ tún tàn án nígbà tí orin bá padà wọlé.